Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Tí Hágà Nábírà Kú

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì, Hágà Nábírà, àgbà obìnrin tó ti lọ sí Mẹ́kà, kú ní erékùṣù tó dojú kọ abúlé wa, nítòsí Aswan ní Íjíbítì. Ọ̀sán ni ìròyìn náà sọdá odò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Ṣádíyà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, fẹ́ kó àlejò lọ sórí àpáta erékùṣù yẹn láti wo bí òòrùn ṣe ń wọ̀.

Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣètò rẹ̀. Ṣásálì, àbúrò ìyá rẹ̀, ti ṣèlérí pé bí ìrìn àkọ́kọ́ yìí bá yọrí sí rere, ọkọ̀ ìgbòkun òun di ti Ṣádíyà. Èrè ọkọ̀ náà ni ì bá fi lọ kọ́ iṣẹ́ afinimọ̀nà ní Luxor. Kò sí ẹlòmíràn tó lè rán an nílé ìwé.

Ìyá àgbà rẹ̀ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Wọ́n ṣì ń tẹ́ ẹní ọ̀fọ̀ lọ́wọ́, ìwọ ń kó aláfẹ́ lọ bá wọn? Ní káwọn àlejò rẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn."

"Wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ Káírò lóru òní, Ìyá àgbà. Ẹ̀yìn àpáta la máa gbà."

"Ẹ̀yìn àpáta kọ́, ẹ̀yìn àpótí òkú ni!"

Hámúdì, atukọ̀ rẹ̀, ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ta ìgbòkun. "Ọ̀gá, tí wọ́n bá lé wa, èmi ò mọ̀ ẹ́ rí o."

Ṣádíyà ní káwọn àlejò má kọrin. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má lọ ní àwọn ò lọ mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé orí àpáta, òòrùn pọ́n, ó rì sẹ́yìn òkè iyanrìn. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, wọ́n súfèé, wọ́n hó yèè. Nísàlẹ̀, àwọn obìnrin tó jókòó lórí ẹní gbójú sókè.

Fáwùsì, ọmọ olóògbé, gbé tíì gun òkè wá. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kí àwọn àlejò káàbọ̀, ó bu tíì fún wọn.

"Bọ̀ọ̀dá Fáwùsì, ẹ jọ̀ọ́…" Ṣádíyà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.

"Jẹ́ káwọn àlejò mu tíì wọn." Kò wojú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ Ṣádíyà bá ti sún mọ́ erékùṣù, ẹni tó bá wà létí omi á kẹ̀yìn sí i, kò ní gba okùn ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti so ó mọ́lẹ̀. Ó lọ bẹ̀bẹ̀. Wọ́n fún un lóúnjẹ, wọn ò fún un lésì. Ṣásálì gba ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé e fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe fi ìbànújẹ́ aládùúgbò yín wá ọ̀nà àtijẹ. Òòrùn ń wọ̀ lójoojúmọ́. Hágà Nábírà kò ní kú lẹ́ẹ̀kejì kí Ṣádíyà lè tún un ṣe.

Ṣádíyà kò lọ sí Luxor. Kò sì gun àpáta náà mọ́.