Ọwọ́ Ikrimah

Ẹ má tíì pè mí ní onírọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ṣojú èèyàn méjì. Àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè ní Agbamu, kò sì sí èyí tó ń mutí nínú wọn.

Ọláyíwọlá, tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Agbamu. Ikrimah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni kípà wọn. Ọ̀kadà ni Ikrimah ń tún ṣe láàárọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, á fi róòbù pa orúnkún méjèèjì, á wá dúró láàárín òpó. Ìfẹ́ bọ́ọ̀lù lásán ló ń gbé e kiri. Ó sì mọ bọ́ọ̀lù mú, àbí kí lẹ ti rò?

Àfi ọjọ́ tí wọ́n pàdé Omupo. Bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ kan yọ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó wọlé, Omupo sì gba ife. Inú bí Ọláyíwọlá. Níwájú gbogbo èrò, ó pariwo mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀:

"Ṣé ọwọ́ nìyẹn? Lọ ṣiṣẹ́ ṣọ́jà! Bóyá ìbọn ò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹ."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ikrimah náà rẹ́rìn-ín. Háà, ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Kò pé oṣù mẹ́ta, Ikrimah wọṣẹ́ ológun. Lọ́dún kejì, wọ́n pa á sójú ogun ní Borno. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Ìyá rẹ̀ kò fojú kan òkú rẹ̀.

Wọ́n ṣe fídáù lọ́jọ́ kẹjọ. Ọláyíwọlá, tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, jókòó sẹ́yìn. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe, Áfáà ní, "Ẹni tí Ikrimah bá ṣẹ̀, kó forí jì í."

"A ti forí jì í," ni gbogbo èrò wí.

Ọláyíwọlá náà wí i. Ohùn tirẹ̀ ló tilẹ̀ ròkè jù. Ìgbà tó délé ló tó bi ara rẹ̀ pé kí ni Ikrimah ṣe fún òun tí òun ń forí jì í? Ta ló ṣẹ ta? Ojú tì í. Kò lè jẹun.

Sátidé tó tẹ̀lé e, òun àti Ọlábọ̀wálé, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, ló kọ́kọ́ dé pápá. Oòrùn kò tíì wọ̀. Kò sí afẹ́fẹ́. Kò sí kípà láàárín òpó. Ọlábọ̀wálé gbá bọ́ọ̀lù, ó wọlé. Ọláyíwọlá gbá tirẹ̀.

Pàá!

Ìró àtẹ́lẹwọ́. Bọ́ọ̀lù dúró lófuurufú díẹ̀, ó wá já bọ́.

Ọláyíwọlá tún gbá a, ó gbá a sí igun kejì. Pàá!

"Bọ̀dá Láyí, ta ló wà níbẹ̀?"

"Kò sẹ́nìkan."

"Ṣé ẹ ń gbọ́ òórùn róòbù?"

Ọláyíwọlá rìn lọ, ó gbé bọ́ọ̀lù náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ohun tí ẹnì kan ti gbá mọ́ àyà. Nígbà tó fi máa bojú wẹ̀yìn, Ọlábọ̀wálé ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ọláyíwọlá lọ tààrà sílé Àlhájà Hàjàrá, ìyá Ikrimah. Ó bá a tó ń bó ẹ̀gúsí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ Omupo. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo ti gbọ́," ni Àlhájà wí. "Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, lọ́jọ́ tó ń lọ. Ó ní tóun bá dé, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sóun. Ó ní wàá rí ọwọ́ òun."

Ọláyíwọlá dojú délẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"Mo ti forí jì ọ́. Dìde." Ó bó ẹ̀gúsí méjì, mẹ́ta. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lo sọ ọ́ sí, ọmọ mi."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni Ọláyíwọlá ń dá lọ sí pápá. Á bẹ Ikrimah, á gbá bọ́ọ̀lù. Á tún bẹ̀ ẹ́, á tún gbá a. Kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn. Wọ́n kàn ń mú bọ́ọ̀lù náà ni.