Ọjọ́ Méjì Lórí Òkúta Kan

Eruku òkúta ti sọ ìpéǹpéjú agbẹ́kúta náà di funfun bí ti arúgbó, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀dọ́. Inú ni ó fi lé ilẹ̀, tí ó ń fi ẹnu fẹ́ eruku kúrò nínú lẹ́tà kan ṣoṣo, nígbà tí ọmọbìnrin aránṣọ kan wọ ṣọ́ọ̀bù òkúta sàréè rẹ̀.

"Ẹ má bínú, àǹtí," ni ó wí láìgbójú sókè. "Bí mo bá mójú kúrò lára A yìí, yóò di nǹkan mìíràn mọ́ mi lọ́wọ́."

Aránṣọ náà fi ìwé àwọn ológun lé orí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, tí í ṣe ọmọ-ogun, ni ó kú sí òkè òkun níbi tí wọ́n rán wọn lọ láti pa àlàáfíà mọ́. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ dé, tí wọ́n sì sin ín. Sàréè náà kò tíì ní òkúta.

"Ohun tí ó wà nínú ìwé yìí ni kí ẹ gbẹ́."

Agbẹ́kúta ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. "Kí ni ẹ̀gbọ́n yín máa ń ṣe bí ẹ̀rù bá ń bà á?"

"Kí ni ìyẹn já mọ́ lára òkúta?"

"Kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n n kò lè gbẹ́ orúkọ ẹni tí n kò mọ̀."

Kì í ṣe lásán ni àwọn oníbàárà ń pè é ní Fara-balẹ̀. Aránṣọ náà bínú lọ sílé, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà tẹ̀ lé e bí òjìji. Ogún ọdún ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi jọ gbé yàrá kan, kò sì mọ ìdáhùn. Ó bi ìyá rẹ̀ léèrè, ẹni tí kò tíì dárúkọ ọmọ náà láti ọjọ́ ìsìnkú.

"Aṣọ ni ó máa ń lọ̀," ni ìyá wí. "Lọ́jọ́ tí ó ku ọ̀la tí yóò ṣe ìdánwò iṣẹ́ ológun, ó lọ kọ́tìnnì ilé tán, díẹ̀ ni ó kù kí ó lọ̀ mí mọ́ ọn."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nínú ilé náà.

Bí aránṣọ bá ti mú ìdáhùn kan lọ, ìbéèrè mìíràn a ti máa dúró dè é. Abéèrè kì í ṣìnà: ó lọ bá àwọn tí wọ́n bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kàwé, ó lọ bá ẹni tí ó kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ó yá, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà láìní ìdáhùn kankan lọ́wọ́.

"Ìwọ ńkọ́?" ni ó bi í lọ́jọ́ kan. "Kí ni o máa ń ṣe bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́?"

"Ìbéèrè ni mo máa ń béèrè."

"Ẹ̀rù mi mà ń bà ọ́ púpọ̀ nígbà náà."

"Láti ọjọ́ tí o ti wọlé ni, olólùfẹ́."

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ́ ara wọn, ojú rẹ̀ le. "Ọmọ kan ti lọ. N kò ní fa èkejì lé ẹni tí ń ti ara òkú jẹun lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí iṣẹ́ rẹ̀ ná."

Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, ìyá wá. Ó fi ìka tọ orúkọ ọmọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì dúró sórí ọjọ́ ikú.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Irọ́ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni ó pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí ó kú. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ ikú ọmọkùnrin mi, ṣé òun ni yóò mọ ọjọ́ ayọ̀ ọmọbìnrin mi?"

Ó yí padà, ó ń lọ.

Agbẹ́kúta ìbá sọ pé bí ìwé ti wí ni òun ṣe gbẹ́ ẹ. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Òun àti aránṣọ náà lọ wá ọ̀rẹ́ olóògbé kan tí wọ́n jọ wà lọ́hùn-ún, tí ó ti padà wálé.

"Wákàtí mẹ́sàn-án ni ibẹ̀ fi ṣáájú wa," ni ọ̀rẹ́ náà ṣàlàyé. "Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú níbí lọ́jọ́ Ajé, ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti fẹ́ẹ́ mọ́ lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ̀rín ni ó ń rín nígbà tí ó wá jí wa. Ó ní ìyá òun ní kí òun wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì nítorí òtútù."

Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún ìyá, ó mú fóònù rẹ̀, ó ń wò ó. "Inú ọ̀la ni ọmọ mi ti ń bá mi sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Ó sì ń rẹ́rìn-ín."

"Màmá, ìwé kò purọ́, ẹ̀yin náà kò purọ́," ni agbẹ́kúta wí. "Gbogbo ayé ni mo bi léèrè, n kò bi yín ní ọjọ́. Èmi ni mo ṣì í ṣe. Bí ẹ bá gbà fún mi, n ó gbẹ́ ẹ sí abẹ́ rẹ̀ pé: Nílé, ọjọ́ Ajé ni."

"Ọjọ́ mélòó ni yóò gbà ọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ kan, mà."

"Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré? Òkúta náà le tó bẹ́ẹ̀?"

"Kò le. Mo fẹ́ kí ẹ wá máa jókòó tì mí ni, kí ẹ máa sọ nípa rẹ̀ fún mi."

Ojoojúmọ́ ni ìyá ń wá. Ó sọ bí ọmọ náà ṣe pẹ́ kí ó tó rìn, ó sọ nípa àwọn ọmọbìnrin tí ó tàn jẹ, ó sọ ìgbà tí ó fi owó oṣù àkọ́kọ́ ra bàtà tí kò bá ìyá lẹ́sẹ̀ mu. Ní ọjọ́ keje, tí agbẹ́kúta fẹ́ eruku ìkẹyìn dànù, ìyá wò ó, ó sì wo aránṣọ tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Fara-balẹ̀, ọjọ́ méje ni o fi bi mí léèrè ọmọ tí ó ti lọ. Ìgbà wo ni wàá wá béèrè èyí tí ó kù lọ́wọ́ mi?"

Agbẹ́kúta gbé òòlù sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, ó sì béèrè. Ìyá ti dáhùn kí ó tó sọ ọ́ parí. Aránṣọ náà fà á dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi délé.