Omi Pupa Lẹ́sẹ̀ Ìsédò

Raïssa ti wọ aṣọ eré ìje rẹ̀ kí ó tó gun orí ìsédò bàbá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Amọ̀ ni Ṣàngódélé, bàbá rẹ̀, fi sé odò kan nítòsí Idigny, kí tòmátì àti ata rẹ̀ lè rí omi mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iṣẹ́ Raïssa ni láti máa yẹ ògiri amọ̀ náà wò láràárọ̀. Òjò ọjọ́ mẹ́ta ti mú kí omi kún dé ìtòsí etí rẹ̀.

Lẹ́sẹ̀ ògiri, níbi tó máa ń gbẹ táútáú, ó rí omi tó ń sun. Ó pupa bí ẹni po erùpẹ̀ mọ́ ọn.

"Raïssa! Alùpùpù ti dé o!" Sandra ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń ké lójú ọ̀nà. Ìdíje eré sísá ni wọ́n ń lọ ní Kétu, kò sì sí ọmọbìnrin tó lè sáré bíi Raïssa ní ilé ẹ̀kọ́ wọn.

"Omi ń jò níbí," Raïssa dáhùn.

"Omi tí kò kún igbá? Bí o bá sọ fún bàbá ẹ, wọn ò ní jẹ́ kí o lọ mọ́. Sọ ọ́ nírọ̀lẹ́. Ta ló máa mọ̀?"

Ọkàn Raïssa fà sí Kétu. Oṣù mẹ́ta ló ti ń múra. Ṣùgbọ́n ó wo ìsàlẹ̀ odò, ó rí àwọn ọmọ Solange, aládùúgbò wọn, tí wọ́n ń wẹ̀. Bí ògiri bá ya, àwọn ni omi yóò kọ́kọ́ gbé.

"Máa lọ," ó wí, omijé lé ròrò sójú rẹ̀. Ó bu omi náà sínú ìgò, ó sì forí lé ilé.

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́ fún un. "Gbogbo ìsédò ló ń làágùn, ọmọ mi."

"Bàbá, òógùn kì í pupa. Ẹ wo erùpẹ̀ tó rọlẹ̀ sísàlẹ̀ ìgò yìí. Inú ògiri yín ni omi ti ń kó o."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ṣàngódélé. "Sáré! Lọ kó àwọn ará ìsàlẹ̀ gòkè!"

Raïssa sá eré tí kò sá rí. Kó tó padà, bàbá rẹ̀ ti ṣí páìpù tó gba inú ògiri kọjá, kí omi lè fà díẹ̀díẹ̀, àwọn aládùúgbò sì ti ń ru iyanrìn. Wọ́n da iyanrìn sójú ibi tó ń jò, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ lé e, kí omi lè máa jáde láìkó ilẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án, òjò ńlá dé. Gbogbo wọn dúró lórí òkè, wọ́n ń wò. Omi ru, ó bì lu ògiri, ògiri kò mì. Èyí tó ń jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sì mọ́ gaara bí omi kànga. Ariwo ayọ̀ sọ! Solange gbé Raïssa sókè bí ọmọ ọwọ́.

Sandra dé láti Kétu, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Má bínú. Ká ní èmi ni, ǹ bá ti dákẹ́."

Ṣàngódélé fọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ léjìká níwájú gbogbo ènìyàn. "Èmi ni mo mọ ògiri yìí, ọmọ yìí ni kò jẹ́ kó wó. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹni tó bá rí ewu tí kò sọ, òun àti ewu náà ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mi sọ, gbogbo wa sì yè."