Ta Ló Kó Ẹrù Àlejò Mi Síta?

Báàgì àwọn àlejò mi ni mo kọ́kọ́ rí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo gbé búútà omi jáde láti ṣe àlùwàlá Àsùbáà, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, mo sì rí i tí báàgì méjèèjì dúró lórí sàréè bàbá ọkọ mi. Wọ́n fara ti ara wọn, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà ìta, wọ́n sì ti fi okùn di ẹnu wọn dáadáa, bí ẹrù ẹni tó ń dúró de mọ́tò.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Mo ní àwọn ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan rárá. Ní agboolé wa lẹ́yìn Ọjà-Ọba, àárín ilé la máa ń sin àwọn àgbà wa sí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Alfa Àkànbí, bàbá ọkọ mi, ti wà níbẹ̀, táìlì funfun la sì fi bo ojú sàréè rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ìjókòó la mọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò yìí dé gan-an, orí rẹ̀ ni ọkọ ìyàwó jókòó sí tó ń tú okùn bàtà. Mo ní, "Dìde níbẹ̀, ọmọ mi, èèyàn ló wà lábẹ́ rẹ." Ó fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Olúyẹmí ni orúkọ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Tèmítọ́pẹ́. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, wọn ò sì fẹsẹ̀ tẹ Nàìjíríà rí kó tó di ọ̀sẹ̀ náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ni, wọ́n wá ní àwọn fẹ́ rìn kiri gbogbo ìlú tí àwọn òbí wọn ń ròyìn fún wọn, kí wọ́n máa gbé ilé wọn sẹ́yìn bí ìgbín. Olúwatóyìn, ìyá Tèmítọ́pẹ́, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ni ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́. Ilé-ìwé kan náà la ti jọ ṣe tíṣà kó tó kọjá sókè òkun. Ó pẹ́ gan-an kó tó bímọ, Tèmítọ́pẹ́ yìí nìkan náà ló sì bí.

Nígbà tó pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Hàlímọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn o. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí nǹkan kan ṣe é." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo ní ọwọ́ mi ló wà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ọmọ ọlọ́mọ ti ń bà mí. Bí wọ́n bá gun kẹ̀kẹ́ lásán, mo máa ń ṣàdúà títí wọ́n á fi sọ̀.

Mo kan ilẹ̀kùn wọn láàárọ̀ náà. Mo gbọ́ bí Olúyẹmí ṣe fa bóòtù ilẹ̀kùn látinú kó tó ṣí i. Kí n tó la ẹnu, ó ti rí báàgì níta, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Màmá, ṣé o fẹ́ ká máa lọ ni?"

Ìyàwó rẹ̀ gbá a lápá látẹ̀yìn. "Ṣé ẹ fẹ́! Àgbà ni wọ́n!"

"Ẹ má bínú. Ṣé ẹ fẹ́ ká máa lọ?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Nílẹ̀ wa, ẹni tí wọ́n bá kó ẹrù rẹ̀ síta, wọ́n ti lé e nìyẹn, kò tún sí àlàyé kankan mọ́. Èmi, kí n wá ṣe irú ìyẹn fún ọmọ Tóyìn? Mo ní, "A'uzu billahi! Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé e síta ni?"

"Rárá o, Mummy," Tèmítọ́pẹ́ dáhùn jẹ́jẹ́. "Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì la gbé e sí. A sì ti ilẹ̀kùn."

Mo wo bóòtù náà, irin tó nípọn ni. Kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà ìta sì wà ní etí ìró mi, níbi tí mo so ó mọ́. Opó ni mí, àwọn ọmọ mi ti lọ sílé ọkọ, kò sí ẹlòmíràn nínú ilé yàtọ̀ sí àwa mẹ́ta. Yàrá náà ń rùn, òórùn ilẹ̀ tútù, irú èyí tó máa ń jáde bí wọ́n bá ń gbẹ́ sàréè. Erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo fi ọwọ́ gbá a dànù.

Mo mú wọn lọ sí Ọjà-Ọba kí ọkàn wọn lè kúrò níbẹ̀. Olúyẹmí jẹ wàrà títí ẹni tó ń tà á fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, Tèmítọ́pẹ́ ń ya fọ́tò gbogbo ohun tó bá rí. Èmi ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara mi nìkan ló wà lọ́jà. Bí a ṣe ń padà bọ̀, mo yà sọ́dọ̀ Mọ́rúfù, àbúrò ọkọ mi, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa.

Mo rọra sọ fún un pé, "Ọkọ mi, Bàbá ń bínú o. Ọmọ yẹn ló jókòó lé wọn lórí."

Mọ́rúfù mi orí. "Ìyàwó wa, Bàbá wa kọ́ ni yóò bínú sí àlejò."

Òótọ́ ló sọ. Nígbà ayé Alfa Àkànbí, bí mọ́tò bá já èrò tí kò ríbi sùn, ilé wọn làwọn èèyàn máa ń tọ́ka sí. Mi ò rí i kí wọ́n jẹun alẹ́ rí láìsí ẹnìkan tí a ò mọ̀ rí nídìí àwo wọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi rú mi lójú. Síbẹ̀, kí ni mo tún lè rò? Mo din mọ́sà, mo fi ṣe sàráà fún àwọn aládùúgbò, Mọ́rúfù sì ṣe àdúà gígùn lẹ́bàá sàréè. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Òjò ọdún náà, tó fẹ́ràn òru, tún rọ̀ mọ́jú.

Nígbà tí mo jáde ní Àsùbáà, báàgì ti wà níbẹ̀.

Omi ti rin táìlì náà gbìndìn, ṣùgbọ́n báàgì méjèèjì gbẹ. Mo fi ọwọ́ kàn wọ́n. Ìhà tó máa ń kan ẹ̀yìn èèyàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ni. Mo ránṣẹ́ pe Mọ́rúfù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ibi tí wọ́n ta okùn sí.

"Báyìí ni Bàbá wa ṣe máa ń di ẹrù àwọn àlejò tó bá fẹ́ lọ," ó sọ fún mi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mi ò rí ẹlòmíràn tó ń ta á báyìí."

Orí mi wú. Àwọn ọmọ náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Olúyẹmí ní àwọn lè wá hòtẹ́ẹ̀lì ní ìhà GRA. Ìyàwó rẹ̀ ní kò sí wàhálà, àwọn ní àgọ́ nínú báàgì, àwọn á kúkú pa á sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ìta. Àgọ́ kẹ̀? Kí ará àdúgbò máa wo ọmọ Tóyìn níta bí ẹni tí kò lẹ́bí? Kí Tóyìn gbọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù pé òkú ilé mi lé ọmọ òun jáde? Mo bẹ̀ wọ́n títí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ kan péré, kí n pe àwọn alfa kí wọ́n wá ka Kùránì parí nínú yàrá náà. Àánú mi ṣe wọ́n, wọ́n gbà. Èmi fúnra mi ni mo gbé báàgì náà wọlé. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo tì wọ́n sí, mo tì wọ́n kan ògiri ẹ̀yìn. Mo ní kí n wo ẹni tí yóò tún gbé e.

Lọ́sàn-án, òjò mìíràn ṣú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ kíkankíkan. Tèmítọ́pẹ́ ní orí ń fọ́ òun, ó lọ dùbúlẹ̀, ọkọ rẹ̀ jókòó tì í. Èmi kírun Alaasari ní yàrá mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, mo sì jókòó sórí ẹní. Òórùn ilẹ̀ tútù náà wọlé tọ̀ mí wá. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ àgbàlagbà tó ń wọ́ sálúbàtà nílẹ̀. Ó kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn mi. Ó tún padà kọjá. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ní, "Salamu alaykum," ní ohùn ìsàlẹ̀, bí ẹni tó rẹ̀ tó sì ti sọ ọ̀rọ̀ kan títí.

Mo rò pé Mọ́rúfù ni, mo sì dáhùn.

Igbe Olúyẹmí ni mo gbọ́ tẹ̀ lé e. "Tọ́pẹ́! Báàgì wa! Wọ́n wà nínú òjò!"

"Páásípọ́ọ̀tù wa wà nínú ẹ̀!"

Mo gbọ́ bí bóòtù ṣe gbá sẹ́yìn. Àwọn méjèèjì sáré jáde láìwọ bàtà, èmi náà sáré tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú híjáàbù ìkírun lórí mi. Báàgì tí mo tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà lórí sàréè yẹn, tí òjò ń pa. Olúyẹmí ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ kan tiẹ̀ ni ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Ariwo rẹ̀ kò tó bí mo ṣe lè rò. Ó dún bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Nígbà tí mo yíjú padà, ògiri ẹ̀yìn yàrá àlejò ti wó, òrùlé ti bá a wálẹ̀, igi àjà sì ti wọ inú bẹ́ẹ̀dì tí Tèmítọ́pẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Amọ̀ ni ilé náà, sìmẹ́ǹtì la kàn fi rẹ́ ẹ lójú. Omi ti ń jẹ ẹ́ nínú látọjọ́ yìí, erùpẹ̀ tí mo ń gbá dànù níwájú wọn ló ń sọ fún mi.

A dúró nínú òjò. Lẹ́yìn náà ni Tèmítọ́pẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, mo sì gbá a mọ́ra, mo ń fọwọ́ pa á lórí, lápá, léjìká, bí ìyá tó ń wẹ ọmọ tuntun. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan. Alihamudulilahi, mo wí i títí ohùn mi fi há. Alfa Àkànbí kò lé wọn. Látọjọ́ yìí ni Bàbá ti ń bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí jáde, èmi ni mo ń dá wọn padà.

Mo pe Tóyìn. Ó gbọ́ ẹkún mi, ó figbe ta, "Hàlímọ̀, kí ló ṣe ọmọ mi?"

"Kò sí ohun tó ṣe é. Òun nìyí, bá a sọ̀rọ̀."

Mo fún Tèmítọ́pẹ́ ní fóònù. Nígbà tí mo gbọ́ tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, àyà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá balẹ̀. Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

Mọ́rúfù sáré dé, ó ní ká máa bọ̀ nílé òun. Ó gbé báàgì kan, Olúyẹmí gbé ìkejì. Ìgbà náà ni mo rí ohun tó wà lẹ́yìn báàgì náà lórí sàréè, níhà ibi tí orí Alfa Àkànbí wà.

Àpótí aṣọ mi ni. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni mo máa ń gbé e sí nínú yàrá mi, ibẹ̀ ló sì wà nígbà tí mo tẹ́ ẹní láti kírun. Wọ́n ti fi okùn dì í pinpin, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe di ti àwọn ọmọ náà, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

Yàrá mi kò wó. Mọ́rúfù ti mú àwọn bíríkìlà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n gbá ògiri, wọ́n gun òkè àjà, wọ́n ní kò sí ibi tó lanu, kò sí ibi tó rin. Olúyẹmí àti Tèmítọ́pẹ́ ti bá ìrìn àjò wọn lọ, wọ́n sì ti délé wọn ní àlàáfíà. Ilé Mọ́rúfù ni mo ṣì wà. Yàrá náà dúró digbí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì tíì padà sùn níbẹ̀.