Iṣẹ́ tí Bàṣírátù Kò Jẹ́

Dáńdà fi iwájú orí ti ògiri ibùso, kò sì fẹ́ gbé e kúrò níbẹ̀. Bàṣírátù pè é títí, ó gbé èérí bàbà sí i nímú, ó fi ọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹṣin náà kò tilẹ̀ wò ó. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ń kọ lu ara wọn bíi ti ẹni tó mutí yó. Ẹṣin tí gbogbo Ìsẹ́yìn mọ̀ sí oníjó kò lè dá dúró mọ́, ẹ̀rù sì ba ọmọbìnrin náà gidigidi.

Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe ti ẹṣin nìkan ló ń rò. Wòlímọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ní ilé-kéú Ààfáà Tàjúdéènì, ẹni tó bá ka Kùránì parí á kà á sétí gbogbo ará àdúgbò, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e gun ẹṣin, wọ́n á fi yí ìlú ká, ẹbí á sì máa tẹ̀ lé e. Láti ìgbà tí Bàṣírátù ti ń kọ álífù sójú wàláà ló ti ń retí ọjọ́ náà. Bàbá Ládòkun, tó bí ìyá rẹ̀, ló ni Dáńdà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni ẹṣin yìí ti gbé ní wòlímọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ-ọmọ olówó rẹ̀ ló kàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Bàṣírátù, kò sì sí ẹnì kan ní kíláàsì rẹ̀ tí kò tíì sọ fún, àti ẹni tó bèèrè àti ẹni tí kò bèèrè.

Bàbá Ládòkun ti ránṣẹ́ pe dókítà ẹranko kó tó gba oko lọ. Nígbà tí Dókítà Olúkúnlé gun alùpùpù rẹ̀ dé, Bàṣírátù àti Samsudeen àbúrò rẹ̀ nìkan ló wà nílé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Samsudeen, ẹ̀gbẹ́ ẹṣin ló sì fi ṣe ilé. Bí wọn kò bá pè é wá jẹun ní ìrọ̀lẹ́, ibùso ni oorun máa ń gbé e lọ.

Dókítà tan iná sójú ẹṣin, ó ní kí wọ́n fà á rìn díẹ̀, ó sì gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí sẹ́yìn ibùso níbi tí àwọn àmù ńlá wà. Nílé Bàbá Ládòkun, ẹṣin kì í mu omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà. Bàbá gbà pé omi kànga tuntun máa ń gbóná nínú ẹṣin, pé ó gbọ́dọ̀ sùn nínú àmù ní gbangba títí á fi tutù. Bó bá ti rí tanwíjí tó ń jó nínú rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn, á ní omi náà ti di alààyè, ó ti tó í mu. Wọn kì í sì í dà á tán. Bó bá lọ sílẹ̀, wọ́n á bu òmíràn lé e.

Dókítà wo inú àmù, ó mi orí.

"Kì í ṣe inú rírun ló ń ṣe ẹṣin yìí," ó sọ fún Bàṣírátù. "Mo fura sí kòkòrò àìfojúrí kan tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Lára ẹyẹ ni ẹ̀fọn ti ń kó o. Bó bá gún ẹṣin tàbí èèyàn, ó lè wọ inú ọpọlọ, kí ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹṣin kì í kó o ran èèyàn. Ẹ̀fọn ló ń gún àwọn méjèèjì, inú omi yìí lẹ sì ti ń sìn wọ́n."

Ó pe bàbá lórí fóònù, kò wọlé. Wọ́n sì ń dúró de dókítà ní ìlú Komu, nítorí náà ó rán Bàṣírátù níṣẹ́. Ó ní kí bàbá da omi inú àmù nù lọ́jọ́ náà gan-an, kí gbogbo ilé sì máa sùn sínú nẹ́ẹ̀tì. Ó ní ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀fọn yẹn bá gún ni nǹkan kan kò ní í ṣe. "Ṣùgbọ́n bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni," ó ní, "tí ọrùn rẹ̀ le, tàbí tí kò mọ ohun tó ń sọ mọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé ẹṣin ń ṣàìsàn nílé. Ṣé o gbọ́?"

"Mo ti gbọ́, sà," ni Bàṣírátù wí, ó sì gbọ́ lóòótọ́.

Nígbà tí alùpùpù náà lọ tán ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀. Bí òun bá jẹ́ iṣẹ́ yìí, Bàbá Ládòkun, tí ikọ́ ọmọ lásán ń lé oorun lójú rẹ̀, á dá wòlímọ̀ dúró. Àwọn ará àdúgbò á máa yà fún ilé wọn. Ẹṣin kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n lè tọrọ ni ti Bàbá Mákindé ní Òkèhò, ta ni yóò sì fa ẹṣin rẹ̀ wá sílé tí ẹṣin ti ń ṣàìsàn? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ka Kùránì parí á gun ẹṣin yí ìlú ká, òun á máa wò wọ́n lójú fèrèsé.

Nígbà tí bàbá dé, tó bi í léèrè ohun tí dókítà sọ, ó dáhùn láìwo ojú rẹ̀ pé dókítà ní ó rẹ ẹṣin ni, kó máa sinmi. Inú bàbá dùn. Ó ránṣẹ́ sí Òkèhò kí wọ́n yá òun lẹ́ṣin. Bàṣírátù bá ara rẹ̀ ṣe àdéhùn pé tí ọjọ́ Ajé bá ti mọ́, òun á tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àdéhùn tó dára ni, àfi pé kò sí ẹni tó bá àìsàn sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ibà mú Samsudeen. Àdìjátù ìyá wọn ra oògùn ibà fún un, ó se àgbo, ó sì padà sídìí òfì tó ń hun. Ta ni ibà kì í mú ní àsìkò àrọ̀kúrò òjò? Bàṣírátù náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀. Ó gbé Kùránì rẹ̀, ó ń kọ́ ibi tí yóò kà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹní tí àbúrò rẹ̀ dùbúlẹ̀ lé. Ní ọjọ́ Sátidé, Samsudeen fẹ́ kírun ọ̀sán, ó fẹ́ forí kanlẹ̀, ọrùn rẹ̀ kò tẹ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì bú sẹ́kún. Bàṣírátù rí i. Ó rántí ohun tí dókítà sọ. Ó ní kó lọ dùbúlẹ̀, pé ibi tó sùn sí ni ò dára.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni àwọn obìnrin ilé wá lé làálì fún un. Wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó di gàárì mú dáadáa lọ́la kó má baà já lulẹ̀ níwájú ẹni tí yóò fẹ́ ẹ. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni Samsudeen ti sọ̀rọ̀ láti orí ẹní, ó ní kí wọ́n sọ Dáńdà kalẹ̀ látorí àjà, kó má jábọ́ lu òun. Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gìrì ti mú un, ojú rẹ̀ yí sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jà nílẹ̀.

Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré káàkiri. Ọ̀kan ń wá àdí àgbọn, ọ̀kan ń wá ṣíbí tí wọ́n á fi la eyín rẹ̀, ọ̀kan ní kí wọ́n lọ pe Ààfáà. Bàṣírátù gba ṣíbí náà sọ nù, ó yí àbúrò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé ìwé, ó sì yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, èyí kì í ṣe ibà lásán. Ohun tó ń ṣe ẹṣin ló ń ṣe é. Dókítà ẹranko ní bí a bá rí ọrùn tó le, ọsibítù ni ká gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ó rán mi sí yín. Mi ò jẹ́ ẹ."

Àdìjátù wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Kò sí àyè ìbínú. Nígbà tí gìrì fi Samsudeen sílẹ̀, tó rọ jọwọlọ, Bàṣírátù gbé e pọ̀n. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ dí i lọ́nà, ó ní ẹni tó lé làálì wòlímọ̀ kì í jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàṣírátù gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ojú títì ló dúró sí, tó na ọwọ́ tí làálì tútù ń kán lára rẹ̀, títí ọlọ́kadà kan fi dúró. Òun, ìyá rẹ̀ àti ọmọ náà sì há ara wọn sẹ́yìn ọ̀kadà náà.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan ní ibà ló kún ibẹ̀, pé kí wọ́n jókòó, ó máa kàn wọ́n. Bàṣírátù kò jókòó. Ó ka gbogbo iṣẹ́ tí Dókítà Olúkúnlé rán an láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sọ nípa ẹṣin, ó sọ nípa omi, ohùn rẹ̀ sì ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà kan fi jáde láti inú yàrá. Dókítà Mojọlá lorúkọ obìnrin náà. Ó gbé ọwọ́ sábẹ́ orí Samsudeen láti tẹ̀ ẹ́ síwájú, ọrùn rẹ̀ le gbagidi.

Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbé e wọlé. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ láàárín eegun ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fún àyẹ̀wò. Dókítà kò tan wọ́n. Ó ní bó bá jẹ́ kòkòrò tí dókítà ẹranko ń sọ ni, kò sí oògùn tó ń pa á, ṣùgbọ́n àwọn á máa dá gìrì dúró, àwọn á ràn án lọ́wọ́ láti mí, títí ara rẹ̀ á fi bá a jà. Ó bèèrè ìgbà tí ọrùn rẹ̀ kọ́kọ́ le. Nígbà tí Bàṣírátù ní láti ọ̀sán ni òun ti rí i, Dókítà Mojọlá kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tó kọ yẹn dun Bàṣírátù ju igbájú lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gun ẹṣin kọjá lójú títì iwájú ọsibítù. Bàṣírátù gbọ́ ariwo wọn, ó sì ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí àbúrò rẹ̀ lọ. Bàbá Ládòkun wá. Bàṣírátù kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó jẹ́ iṣẹ́ tó ti pẹ́ náà. Bàbá gba ohun gbogbo gbọ́, àfi ti omi. Ó ní láti ayé bàbá òun ni omi ti ń sùn nínú àmù yẹn, kò sì pa ẹṣin kankan.

Bàṣírátù kò bá a jiyàn. Ó délé, ó bu omi náà sínú ìgò tòun ti tanwíjí, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ di ẹnu rẹ̀, ó sì gbé e síwájú ibi tí bàbá ti ń kírun. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, bàbá ké sí i. Tanwíjí ti dín nínú ìgò, ẹ̀fọn ló ń fò lábẹ́ aṣọ náà. Bàbá arúgbó yí ìgò náà lọ yí i bọ̀. Ó ní, "Èyí ni mo ń pè ní omi alààyè láti kékeré mi." Dáńdà ti kú nígbà yẹn. Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ da gbogbo àmù náà nù, ó sì bá Bàṣírátù wọ agboolé kọ̀ọ̀kan lọ bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n da tiwọn náà nù.

Samsudeen pẹ́ ní ọsibítù kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Èsì tó ti Ìbàdàn dé fi hàn pé ibi tí Dókítà Olúkúnlé fura sí gan-an ló já sí. Ó yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ààfáà Tàjúdéènì ní òun á ṣe wòlímọ̀ Bàṣírátù lọ́tọ̀. Bàṣírátù ní òun kò fẹ́ gun ẹṣin mọ́, kí wọ́n kàn fún òun láyè láti bá àwọn ọmọ ilé-kéú sọ̀rọ̀. Ó sọ fún wọn pé bí wọ́n bá gbọ́ ohun tó lè gba ẹ̀mí là, kí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ máa ba ayẹyẹ tiwọn jẹ́. Ó ní òun kò sọ ọ́ lásìkò, ẹsẹ̀ ọmọ tí kò mọ nǹkan kan ló ń san án.

Láràárọ̀ ló ń mú Samsudeen rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi odán, bí dókítà ṣe ní kí wọ́n máa ṣe. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà jókòó sílẹ̀ láàárín ọ̀nà.

"Àǹtí mi," ó ní, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, "ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ ti mọ̀ kí gìrì tó mú mi?"

Bàṣírátù lè sọ pé ọmọdé lòun náà. Ó lè sọ pé òun kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

"Mo mọ̀," ó wí. "Wọ́n rán mi, mi ò jẹ́ ẹ. Wòlímọ̀ ni mo ń rò."

Samsudeen wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ó dùn mí," ó ní, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Bàṣírátù kò ní kó dákẹ́, kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun. Ó jókòó tì í nínú yẹ̀pẹ̀ títí ó fi sunkún tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Nígbà tó yá, ọmọ náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó na ọwọ́ sí i.

"Ẹ fà mí dìde. A ò tíì dé ìdí odán."

Ó fà á dìde, wọ́n sì ń rìn lọ.