Ìpè Tó Ṣìnà Dé Hotoro

Ọkùnrin gíga kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, eruku ọyẹ́ bo bàtà tó ti fara balẹ̀ dán, ó na fóònù rẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ fi tíkẹ́ẹ̀tì wọlé.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mítìn aago mẹ́wàá ni mo bá wá."

Fisáyọ̀ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn aláṣọ ní ọjà Kantin Kwari ní Kánò. Òun ló ń fi íméèlì pín ìpè mítìn, kí ọjọ́ àti aago lè wọ inú kàlẹ́ńdà kálukú. Ó wo fóònù náà, ó rí àṣìṣe rẹ̀. Olúdáre aláṣọ ló fẹ́ pè. Olúdáre mìíràn, olùkọ́ ìṣirò ní Hotoro, ló ránṣẹ́ sí. Ó tọrọ àforíjì, ó wá béèrè ìdí tí ọkùnrin náà fi wá síbi tí kò kàn án.

Olúdáre wolẹ̀. "Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí ìyàwó mi ti kú. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó pè mí síbi kankan. Nígbà tí mo rí orúkọ mi, mi ò lè ṣàìwá."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá Fisáyọ̀ níbi tó ń dùn ún. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Ojoojúmọ́ ló ń pe èèyàn jọ, kò sẹ́ni tó ń pè é. Òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé oníyàrá mẹ́fà ní Sabon Gari. Bí wọ́n bá jẹun tán, kálukú á wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ìpè ránṣẹ́ sí Hotoro: Ọjọ́bọ̀, aago kan ọ̀sán, búkà Rosaline. Olúdáre gbà lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jẹun pọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Olúdáre á máa bi í pé, "Akọ̀wé mi, kí la fẹ́ jíròrò lónìí?" Fisáyọ̀ á ní kó dákẹ́, kó jẹun.

Bàbá Ògúnlànà, bàbá Fisáyọ̀, gbọ́ pé wọ́n ti ń fẹ́ra. Ó ní ọmọ òun ò ní wọ ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú jáde. Fisáyọ̀ ò jiyàn. Kò pe Olúdáre mọ́. Olúdáre wá ń fi ìpè Ọjọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko. Fisáyọ̀ ń kà á, kò dáhùn. Lọ́sẹ̀ kẹfà, ìpè kankan ò wọlé. Gbogbo ọ̀sán ló fi wo ojú Ọjọ́bọ̀ tó ṣófo nínú kọ̀ǹpútà.

Ó bá tẹ ìpè kan sí Olúdáre àti Bàbá: Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ilé Ògúnlànà. Bàbá ò ní íméèlì, ó lọ kà á sí i létí.

"Ẹ̀yin náà ni mo pè, Bàbá mi. Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lé e."

Nígbà tí Olúdáre dé, Bàbá nawọ́ sí àga. "Zauna," ló wí, torí Hausa ló máa ń sọ bínú rẹ̀ ò bá dùn. Ó béèrè ohun tó pa ìyàwó. Olúdáre ní kíndìnrín ni. Ọdún méjì lòun fi ń wẹ̀ fún un, tóun ń fún un lóúnjẹ.

Bàbá bi í pé, "Ta ló wá ń bá ọ jẹun báyìí?"

"Kò sí, sà. Mo máa ń tan rédíò."

Bàbá Ògúnlànà, tí ìyàwó tirẹ̀ ti kú láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, yíjú sí ògiri. "Mo mọ rédíò yẹn," ló wí. "Kó àwọn èèyàn rẹ wá lóṣù tó ń bọ̀. Lónìí ná, bá wa jẹun."

Olúdáre tẹ̀ lé Fisáyọ̀ lọ sí kíṣìnnì. "Olólùfẹ́ mi," ó rọra wí, "ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Ṣé o gbà?"

Fisáyọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi sílẹ̀ títí wọ́n fi gbọ́ tí Bàbá ń wọ́ àga kẹta sídìí tábìlì.