Ta Ló Wọ Bàtà Òjò Zikrullah?

Abọ́ ike ńláńlá ni Ínsípẹ́kítọ̀ Mojísọ́lá Ọdẹ́tọ́lá kọ́kọ́ rí nígbà tó wọ ọgbà ẹja Alhaja Ìdíátù ní Ìgàndó láàárọ̀ Sátidé. Wọ́n da ojú wọn dé ilẹ̀ lórí ẹrẹ̀, wọ́n tò tẹ̀ léra láti ẹnu géètì ẹ̀yìn títí dé etí adágún tó tóbi jù.

"Alhaja, kí ni àwọn abọ́ yìí ń ṣe nílẹ̀?"

"Ipa ẹsẹ̀ olè ló wà lábẹ́ wọn," ni Alhaja dáhùn. "Àná ni mo ti bò wọ́n. Mi ò fẹ́ kí adìẹ kankan tẹ ẹ̀rí mi mọ́lẹ̀."

Wọ́n ti jí Ìyálóde gbé. Ìyálóde kì í ṣe ènìyàn o. Abo ẹja àrọ̀ ni, ó tóbi débi pé àlejò tó bá kọ́kọ́ rí i á fà sẹ́yìn. Inú rẹ̀ ni gbogbo ọmọ ẹja tí Alhaja ń tà fún àwọn ọlọ́gbà ẹja láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkọ̀tún ti ń wá. Ẹyin tún ti kún inú rẹ̀ báyìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn ì bá fún ẹyin náà jáde. Bí ó bá ti wọnú ìkòkò ẹlòmíràn pẹ́nrẹ́n, kò sí ọmọ ẹja fún àkókò òjò yìí nìyẹn, àwọn oníbàárà á sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó sì dá kí àwọn òṣìṣẹ́ tó lọ kírun. Alhaja fúnra rẹ̀ wà ní Ìyànà Ìpájà níbi tó ti lọ ra oúnjẹ ẹja. Nígbà tí wọ́n fi máa padà dé, omi adágún ti dàrú, Ìyálóde ti fò lọ bí ẹyẹ.

"Ṣùgbọ́n a ti mú olè náà, mà," ni Kọ́ńsítébù Abdulganiyy wí. Òun ló ti ṣáájú ọ̀gá rẹ̀ dé, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ojú ẹni tí wọ́n ṣèlérí ìgbéga fún. Ó tọ́ka sí ọkùnrin gíga kan tó jókòó lórí àpò oúnjẹ ẹja, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Zikrullah ni, ẹni tó ń tọ́jú adágún. "Bàtà òjò tiẹ̀ ló tẹ ẹrẹ̀ yìí. Ẹ wo ibi tí nǹkan ti gé e nísàlẹ̀."

Ó ṣí abọ́ kan, ó gbé bàtà rọ́bà dúdú kan lé ipa ẹsẹ̀ náà. Ó bá a mu rẹ́gí. Ojú ibi tí nǹkan gé lára bàtà hàn kedere nínú ẹrẹ̀.

"Zikrullah!" Alhaja fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ìwọ tí mo fi Ìyálóde sí lọ́wọ́! Ìwọ tó ń bá a sọ̀rọ̀ ju bó o ṣe ń bá ìyàwó ẹ sọ̀rọ̀ lọ!"

"Alhaja, sálúbàtà ni mo wọ̀ lọ kírun. Orí ìṣó ni bàtà mi wà, ẹnikẹ́ni ló lè mú un. Kọ́ńsítébù yìí fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú mi láti ilé gba gbogbo àdúgbò kọjá wá síbí. Ó mú mi kọjá níwájú ìsọ̀ ìyá ìyàwó mi!"

"Ṣé o dúró kí ìrun parí?" ni Ínsípẹ́kítọ̀ bi í.

"Mo kírun tán, ṣùgbọ́n mi ò dúró gbọ́ àdúrà. Ìyàwó mi pè mí pé omi ti ń wọ yàrá wa."

"Òjò ti dá nígbà yẹn," ni Abdulganiyy sọ, ó ní ọwọ́ òun ti tẹ̀ ẹ́.

"Òjò ti dá lóòótọ́. Ta ló wá lọ sọ fún gọ́tà?"

Ínsípẹ́kítọ̀ gbé ojú sápá kan kó má baà rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ náà dé géètì, ṣùgbọ́n bàtà aláwọ tó wọ̀ ti ń rì. Ó mú bàtà òjò kan lára èyí tó kù lórí ìṣó, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀. Kò tíì rìn jìnnà tí ẹrẹ̀ fi di bàtà mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, bàtà dúró síbi tó wà, Ínsípẹ́kítọ̀ sì fi ìdí jókòó sínú pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìjọba lọ́rùn. Abdulganiyy yára kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Obìnrin kan sáré wá fà á dìde. Fàthíà ni, ẹni tó ń fún ẹja lóúnjẹ. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Gbogbo wa la ti ṣubú bẹ́ẹ̀ rí. Nọ́ńbà márùndínláàádọ́ta ni gbogbo bàtà yẹn. Máníjà wa ló rà wọ́n. Ó ní bí bàtà bá ti tóbi, kò sẹ́ni tí kò ní gbà. Zikrullah nìkan ló bá lẹ́sẹ̀ mu."

"Tìẹ ńkọ́?" Ínsípẹ́kítọ̀ ti rí i pé bàtà rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ obìnrin náà kéré, ó sì jókòó dáadáa.

"Ìkọ̀tún ni mo ti lọ ra tèmi. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn lọ, mo sì ń rìn síwá sẹ́yìn nínú ìsọ̀ náà títí ìyá tó ń tà á fi bi mí bóyá eré ìje ni mo fẹ́ fi sá. Mo tún wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ní eyín tó lè di ilẹ̀ mú, mo fọwọ́ tọ gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Inú omi ni mo ń wà látàárọ̀, mà. Ẹsẹ̀ mi kò gbọ́dọ̀ máa jó nínú bàtà."

"Níbo lo wà lákòókò ìrun àná?"

Ojú Fàthíà yí padà díẹ̀. "Ilé, mà. Mo lọ jẹun. Kò sẹ́ni tó wà lọ́dọ̀ mi."

Ínsípẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ló ń wò. Ibi gìgísẹ̀ rì wọlẹ̀, ibi ọmọ ìka ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì fà lọ bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ̀ gbálẹ̀. Ó ṣí abọ́ kan, ó ṣí òmíràn. Bákan náà ni gbogbo wọn rí.

"Tú ọkùnrin yìí sílẹ̀," ló sọ fún Abdulganiyy. "Zikrullah, wọ bàtà ẹ, kó o rìn kọjá níbí."

Zikrullah rìn. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, iwájú àti ẹ̀yìn rì dọ́gba, kò sí ibi tó fà.

"Ó lè jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń rìn dáadáa ni, mà," ni Abdulganiyy wí.

"Kọ́ńsítébù, lọ pe máníjà wá."

Olúgbénga, máníjà ọgbà náà, jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó de táì, ṣòkòtò rẹ̀ mú lójú ìlọ̀ bí ọ̀bẹ. Sálúbàtà balùwẹ̀ ló sì wọ̀ sẹ́sẹ̀.

"Ẹ má bínú sí ìmúra mi, mà," ló ní, ó ń tiro. "Mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbá òkúta ni."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Níbo lẹ wà lánàá nígbà tí wọ́n ń kírun?"

"Báńkì ni mo lọ, ní Akówónjọ̀. Èrò pọ̀ gan-an."

"Ṣé ẹ̀yin náà máa ń wọnú adágún?"

"Èmi kẹ̀? Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni tèmi. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò wọ bàtà òjò rí."

Fóònù rẹ̀ dún. Bó ṣe gbé e ni ohùn obìnrin kan bú jáde tí gbogbo wọn gbọ́: "Ọkọ mi, níbo lẹ fẹ́ kí n ti wẹ̀? Ìgbà wo ni àlejò yìí máa jáde ní balùwẹ̀ wa? Láti àná!"

Olúgbénga yára pa fóònù. Òógùn ti bò ó níwájú orí. "Ìyàwó mi, Charity, ni. Bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kí wa. Wọ́n... wọ́n máa ń pẹ́ ní balùwẹ̀ ṣá."

"Láti àná," ni Ínsípẹ́kítọ̀ tún un sọ, jẹ́ẹ́jẹ́. Ó wá yíjú sí gbogbo wọn. "Ẹ jọ̀wọ́, kí kálukú bọ́ ohun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀."

Zikrullah bọ́ tiẹ̀. Fàthíà náà bọ́ tiẹ̀. Olúgbénga kò mira.

"Èmi, máníjà? Níwájú àwọn òṣìṣẹ́ mi?"

"Olúgbénga," ni Alhaja wí, "bọ́ sálúbàtà!"

Ó bọ́ ọ. Àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán, kò sí ìfarapa kankan lára wọn. Gìgísẹ̀ ni wọ́n lẹ pílásítà mọ́, tọ̀tún tòsì. Ínsípẹ́kítọ̀ ní kó ká ṣòkòtò sókè, àpá pupa kan sì yí ojúgun rẹ̀ ká lẹ́sẹ̀ méjèèjì bí ẹ̀gbà.

"Ẹni tó gbé Ìyálóde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré, bàtà tó wọ̀ sì tóbi," ni Ínsípẹ́kítọ̀ wí. "Ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ ni, bí èmi náà ṣe wọ́ ọ kí n tó ṣubú. Kì í ṣe Zikrullah nìyẹn. Ẹlẹ́sẹ̀ kékeré méjì ló wà níbí, Fàthíà àti máníjà. Fàthíà ní bàtà tó bá a mu, kí ló dé tí yóò fi wọ èyí tó lè gbé e ṣubú láti gbé ẹja ńlá? Ẹ̀yin lẹ ní òkúta lẹ fẹsẹ̀ gbá, Máníjà. Mi ò rí ẹni tó ń fi gìgísẹ̀ gbá òkúta rí. Bàtà tó ń jó lẹ́sẹ̀ ló ń bó gìgísẹ̀, bí ẹni tó wọ̀ ọ́ kò bá ní ìbọ̀sẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló sì ń ha ojúgun. Ẹ̀yin tí ẹ ò wọ bàtà òjò rí, ta ló wá bá yín wọ̀ ọ́ lánàá?"

Alhaja di àyà mú. "Ṣé o ti sè é ni?"

"Rárá o, Alhaja! Ó wà láàyè. Ó ń jẹ búrẹ́dì."

Olúgbénga kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́. Ó ti sọ fún bàbá ìyàwó rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó pé òun lòun ni ọgbà ẹja kan l'Ékòó. Bàbá wá ní òun ń bọ̀ wá wò ó. Olúgbénga wá purọ́ pé omi ti gba ojú ọ̀nà ọgbà náà, pé òun á kúkú gbé ẹja tó jẹ́ olórí wọn wá sílé. Ọjọ́ Mọ́ńdè ló fẹ́ dá a padà.

"Gbogbo ìyẹn kò dùn mí tó èyí," ni Alhaja wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "O wà nínú ọ́fíìsì, ò ń wo ojú fèrèsé, nígbà tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú Zikrullah wọlé. O kò sọ̀rọ̀."



Gbogbo wọn wọkọ̀ lọ sí ilé rẹ̀ ní Gowon Estate. Ìyálóde wà nínú ọpọ́n ìwẹ̀ funfun, ara rẹ̀ le, bàbá arúgbó kan sì jókòó tì í lórí àpótí, ó ń já búrẹ́dì sínú omi. Charity dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi táwẹ̀lì kọ́ èjìká, ó káwọ́ mọ́ àyà. Ínsípẹ́kítọ̀ ṣàlàyé fún bàbá náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàbá wo Alhaja, ó wo ẹja, ó wo àna rẹ̀ pẹ́.

"Charity," ló ní níkẹyìn, "bí wọ́n bá ti gbé e tán, lọ wẹ̀."

Abdulganiyy ló mú Olúgbénga lọ sí tẹ́ṣàn. Kó tó lọ, Ínsípẹ́kítọ̀ dúró ti kọ́ńsítébù náà títí ó fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Zikrullah, tó sì sọ ọ́ sókè ketekete. Wọ́n gbé Ìyálóde sínú dúrọ́ọ̀mù omi, wọ́n kọjú sí Ìgàndó. Nígbà tí wọ́n dé ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò, Zikrullah ní kí ọkọ̀ dúró.

"Alhaja, níbí ni wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú mi kọjá. Gbogbo wọn ló rí mi."

Alhaja kò jiyàn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gèlè wé, ó sì di ọwọ́ Zikrullah mú. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín, ọkọ̀ ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ìsọ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí, ìyá náà dúró láti gbọ́ ọ tán, ó sì gbá ọkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń yà ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, Alhaja ń ké pé, "Zikrullah kò jí ẹja o! Èmi ni mo ṣì í mú! Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́!"

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà kan tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà lábẹ́ agboòrùn. Ọkùnrin náà gbójú sókè.

"Alhaja, ẹja wo? Ìgbà wo ni wọ́n mú Zikrullah?"

Alhaja yíjú wo Zikrullah. Zikrullah fa bẹ́ǹṣì jáde, ó fi ọwọ́ nù ún fún un.

"Ẹ jókòó, mà," ló ní. "Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún wọn."